Kóòdù àjèjì lórí ìkànnì tí a fi Webflow ṣe: ohun tí mo ń yẹ̀ wò kí n tó gbà á láàyè

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń fi Webflow, Framer tàbí Wix ṣe ìkànnì fún àwọn oníṣòwò ni kì í fi ọwọ́ kọ kóòdù. Bí ayàwòrán ṣe ń ṣiṣẹ́ la máa ń ṣe é: a ó fa àpótí síbí, a ó fi àwọ̀ sí i, a ó to àwòrán sínú rẹ̀, sọ́fútíwíà yóò sì kọ HTML àti CSS tó yẹ lábẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ náà máa ń lọ geerege títí di ọjọ́ tí oníbàárà bá béèrè ohun tí sọ́fútíwíà kò ní. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn lè bá òun sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp láti orí ìkànnì, ó fẹ́ kí máàpù ṣọ́ọ̀bù òun hàn, ó fẹ́ kí àwọn àwòrán tí òun ń gbé sórí Instagram máa wọlé fúnra wọn, ó sì fẹ́ gba owó. Nígbà náà ni a ó lọ wá widget, ìyẹn kóòdù kékeré tí ilé iṣẹ́ mìíràn kọ, tí a ó ṣe àdàkọ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn, tí a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé tiwa.

Ọ̀nà mẹ́ta ni irú ohun àjèjì bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé. Àkọ́kọ́ ni línkì lásán, tí yóò gbé ẹni tó wá kà wá kúrò lórí ìkànnì wa lọ sí ibi tí iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀. Èkejì ni iframe, àlàfo onígun mẹ́rin tí a gé sára ojú ìwé wa, tí ìkànnì ẹlòmíràn ń hàn nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni script, kóòdù JavaScript tí búráúsà yóò lọ gbé wá láti orí sáfà ilé iṣẹ́ náà, tí yóò sì máa ṣiṣẹ́ nínú ojú ìwé wa bí ẹni pé àwa fúnra wa la kọ ọ́. Bí a bá ṣe ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn ni agbára tí a ń fún ẹlòmíràn ń pọ̀ sí i. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé kò ju èyí lọ: n kì í fi script ṣe ohun tí iframe lè ṣe, n kì í sì í fi iframe ṣe ohun tí línkì lásán lè ṣe.

Àpẹẹrẹ tí màá fi ṣàlàyé ni ìkànnì tí mo ṣe fún Àlàájì kan ní Ìsẹ́yìn, tó ń hun aṣọ òfì, tó sì ń tà á fún àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó ní Ìbàdàn àti Èkó, àti fún àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston. Ìkànnì náà fúnra rẹ̀ kò le. Ojú ìwé kan wà fún sányán, ọ̀kan fún àlàárì, ọ̀kan fún ẹtù, ọ̀kan fún àwọn aláràbarà tí àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè lóde òní. Inú CMS Webflow, ìyẹn ibi tí a ń kó ọ̀rọ̀ àti àwòrán ìkànnì pamọ́ sí, ni gbogbo aṣọ wà, kí ọmọ rẹ̀ obìnrin lè máa fi tuntun kún un láìjẹ́ pé ó ń pè mí. Ohun mẹ́rin tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí gan-an ni Àlàájì béèrè. Ó ti rí wọn lórí ìkànnì àwọn ẹlòmíràn, ó sì sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ kí tèmi kéré sí tiwọn.”

Ti WhatsApp ló rọrùn jù, òun náà sì ni mo rí i pé àwọn ènìyàn ń fi owó ṣòfò lé lórí jù. Àwọn tó ń ta bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tó máa ń dúró sí igun ìsàlẹ̀ ojú ìwé kò níye. Wọn a gba owó lóṣooṣù, wọn a sì fún ènìyàn ní script kan, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ bọ́tìnnì náà, ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe kò ju pé kí ó ṣí àdírẹ́sì wa.me. WhatsApp fúnra rẹ̀ ló ṣe àdírẹ́sì yìí fún gbogbo ayé, ọ̀fẹ́ sì ni. A ó kọ https://wa.me/, a ó sì fi nọ́ńbà fóònù tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà yìí ló yẹ kí a fara balẹ̀ kọ: èyí tí a mọ̀ sí 0803 nílé gbọ́dọ̀ di 234803, òdo iwájú yóò kúrò, kò ní sí àmì ìròpọ̀, kò ní sí àlàfo láàárín. Bí òdo náà bá ṣẹ́kù síbẹ̀, WhatsApp yóò sọ pé nọ́ńbà náà kò sí, ẹni tó ń ra aṣọ láti London yóò sì gbà pé ọlọ́jà ti kógbá sílé.

Àdírẹ́sì yìí kan náà tún lè bá oníbàárà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí a bá fi ?text= sí ìparí rẹ̀, tí a sì kọ gbólóhùn kan tẹ̀ lé e, gbólóhùn náà yóò ti wà nínú àpótí kí ẹni náà tó tẹ ohunkóhun. Lórí ojú ìwé aṣọ kọ̀ọ̀kan, mo lo àpótí kan tí Webflow ń pè ní Embed, mo kọ línkì náà sínú rẹ̀, mo sì ní kí Webflow fi orúkọ aṣọ láti inú CMS sí ibi tó yẹ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì lábẹ́ àwòrán àlàárì kan yóò rí “Ẹ káàsán, mo fẹ́ béèrè nípa” àti orúkọ aṣọ náà gan-an. Inú àdírẹ́sì kì í gba lẹ́tà olóhùn bó ṣe rí, nítorí náà Ẹ yóò di %E1%BA%B8, àlàfo yóò sì di %20. Búráúsà òde òní lè ṣe àyípadà náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣe é sílẹ̀ fún gbólóhùn tí kò ní yí padà, kí ó má bàa dé ọ̀dọ̀ Àlàájì ní wúruwùru. Mo fi bọ́tìnnì Webflow lásán ṣe èyí tó dúró sí igun, mo sọ ipò rẹ̀ di fixed, mo sì so ó mọ́ àdírẹ́sì kan náà. Kò sí kóòdù àjèjì kankan lórí ojú ìwé nítorí WhatsApp, Àlàájì kò sì san kọ́bọ̀ lóṣooṣù fún ẹnikẹ́ni.

Máàpù ni iframe tọ́ sí. Nínú Google Maps, ẹ ó wá ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ ó tẹ Share, lẹ́yìn náà Embed a map, lẹ́yìn náà Copy HTML. Kóòdù tí Google yóò fún yín máa ń gbé width="600" àti height="450" dání. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí nọ́ńbà 600 yìí ló ń ba ọ̀pọ̀ ìkànnì jẹ́ lórí fóònù. Fóònù Android tí púpọ̀ nínú wa ń lò kì í fẹ̀ ju nǹkan bí 360 lọ bí búráúsà ṣe ń ka ìwọ̀n, nítorí náà máàpù yóò yọ jáde kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé, gbogbo ojú ìwé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sí ọ̀tún àti òsì bí ẹni tó ń kà á bá fi ìka fà á. Lójú kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣe ìkànnì, kò sí àmì kankan pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ pa 600 rẹ́, ẹ fi 100% rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà parí. Mo tún máa ń fi title sínú kóòdù náà, fún àpẹẹrẹ title="Máàpù ṣọ́ọ̀bù aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn", nítorí pé ẹni tí kò ríran, tí fóònù ń ka ojú ìwé sókè fún, kò ní mọ ohun tó wà nínú àlàfo tí kò ní orúkọ. Ọ̀rọ̀ loading="lazy" tí Google ti kọ síbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án: òun ló ń sọ fún búráúsà pé kí ó má lọ gbé máàpù wá títí ẹni tó ń kà á yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀.

Ohun tó mú kí ọkàn mi balẹ̀ sí iframe ni pé búráúsà kì í jẹ́ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ tọwọ́ bọ ojú ìwé tó yí i ká, níwọ̀n ìgbà tí dómáìnì méjèèjì bá yàtọ̀ síra. Google lè mọ̀ pé ẹnìkan ṣí máàpù náà, ṣùgbọ́n kò lè ka ohun tí ẹni náà ń kọ sínú fọ́ọ̀mù wa. Bí widget bá ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí n kò mọ̀ tó Google wá, mo máa ń fi sandbox, ọ̀rọ̀ tó ń gba agbára kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kún iframe rẹ̀, mo sì máa ń dá agbára padà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi lọ déédéé, n ó sì dúró níbẹ̀.

Fídíò YouTube náà ní iframe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo. Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ fídíò náà rárá, ohun tí YouTube máa ń gbé wá sórí ojú ìwé fún un nìkan lè ju gbogbo àwòrán aṣọ tó wà lórí ojú ìwé náà lọ. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láṣẹ láti fi owó kún owó wọn dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, mo ti gbà pé dátà oníbàárà jẹ́ owó gidi tí kò yẹ kí n máa ná láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà inú Lightbox tí Webflow fúnra rẹ̀ ní ni mo fi fídíò tó ń ṣàfihàn bí wọ́n ṣe ń ta òwú sórí òfì sí. Àwòrán kan ṣoṣo ló ń hàn, fídíò kì í sì í wọlé títí ẹni náà yóò fi tẹ̀ ẹ́.

Mo dé orí script, níbi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ẹni tí a gbà script rẹ̀ sórí ojú ìwé dà bí àlejò tí a kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá ilé lé lọ́wọ́. Ó lè ka ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ sínú fọ́ọ̀mù, ó lè yí iye owó tí a kọ sára aṣọ padà, ó lè darí wọn lọ sí ibòmíràn, ó sì lè pe script mìíràn wọlé tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kì í ṣe pé ilé iṣẹ́ tó ni widget jẹ́ oníjìbìtì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn olè máa ń lọ gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ náà, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti lè wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkànnì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2018, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Browsealoud, widget kan tó ń ka ojú ìwé sókè fún àwọn tí ìwé kíkà nira fún. Àwọn kan wọlé sórí sáfà tí kóòdù rẹ̀ ti ń wá, wọ́n fi ìlà díẹ̀ kún un, ìkànnì tó lé ní 4,000 sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà àwọn tó ń kà wọ́n láti wá owó íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Monero fún àwọn olè náà. Ìkànnì àjọ Information Commissioner's Office, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára wọn. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024 tún burú ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn ti ń pe script kan láti polyfill.io, tó ń ran búráúsà àtijọ́ lọ́wọ́. Ní oṣù Kejì ọdún náà, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Funnull gba dómáìnì náà, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà, àwọn olùṣọ́ ààbò ní Sansec fi hàn pé kóòdù tó ń ti ibẹ̀ wá ti ń darí àwọn tó ń fi fóònù ka ìkànnì lọ sí ojú ìwé tẹ́tẹ́. Ìkànnì tó ju 100,000 lọ ni script náà wà lórí wọn. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan Webflow wọn, kò sí ẹni tó jí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn. Ìlà kan ṣoṣo tí wọ́n lẹ̀ mọ́ <head>, ìyẹn apá òkè kóòdù ojú ìwé, ní ọjọ́ pípẹ́ ló tó.

Ohun èlò kan wà tó ń dín ewu yìí kù, òun ni integrity. A ó ṣírò àmì tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sha384 láti inú fáìlì náà bó ṣe rí lónìí, a ó kọ ọ́ sínú script, búráúsà yóò sì kọ̀ láti lo fáìlì náà bí ẹyọ lẹ́tà kan bá yí padà nínú rẹ̀. Ó dára fún fáìlì tó ní nọ́ńbà ẹ̀dà tí kì í yí padà. Fún widget tí ilé iṣẹ́ ń tún ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́, nítorí pé àtúnṣe rere náà yóò dá a dúró. Ìdí rèé tí mo fi ń béèrè kí n tó béèrè ohun mìíràn bóyá script náà pọn dandan.

Ti Instagram kò pọn dandan. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Meta ti ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Basic Display API pa, tí ọ̀pọ̀ widget ń gbà mú àwòrán jáde láti orí àkáǹtì ara ẹni. Àwọn tó fi irú widget bẹ́ẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ wọn jí bá àlàfo funfun níbi tí àwòrán wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tó ṣẹ́kù fẹ́ kí àkáǹtì jẹ́ ti oníṣòwò tàbí ti oníṣẹ́ ọpọlọ, kí ènìyàn sì máa fún ilé iṣẹ́ àárín kan láṣẹ láti wọ inú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún Àlàájì pé àwòrán mẹ́fà tí ọmọ rẹ̀ bá yàn, tó sì gbé sínú CMS fúnra rẹ̀, yóò tètè ṣí, yóò sì lẹ́wà ju ohunkóhun tí widget yóò kó wá láìyàn lọ. Ìwé ìkésíni àti fọ́tò ọjọ́ ìbí wà láàárín àwọn àwòrán aṣọ lórí Instagram rẹ̀, widget kò sì mọ ìyàtọ̀. Línkì sí Instagram wà lábẹ́ àwọn àwòrán náà fún ẹni tó bá fẹ́ rí púpọ̀ sí i. Ó gbà lójú ẹsẹ̀.

Owó gbígbà nìkan ló kù. Paystack la lò, ilé iṣẹ́ tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2015, tí ilé iṣẹ́ ìsanwó Stripe sì kéde ní ọdún 2020 pé àwọn ń rà. Wọ́n ní script tó ń ṣí àpótí ìsanwó lórí ìkànnì fúnra rẹ̀, wọ́n sì ní ojú ìwé ìsanwó tó jẹ́ línkì lásán. Fún owó àsansílẹ̀ tí iye rẹ̀ kì í yí padà, línkì náà tó, n kò sì fi script sí i. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń kà mí yóò lo script náà, nítorí náà ohun kan tàbí méjì yẹ ní sísọ. Kọ́bọ̀ ni Paystack fi ń ka owó níbẹ̀, kì í ṣe náírà: ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà gbọ́dọ̀ jẹ́ 500000 nínú kóòdù, bí ẹ bá sì kọ 5000, àádọ́ta náírà ni oníbàárà yóò san. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n ń fún ènìyàn, ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pk àti ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk. Ti pk nìkan ló lè wà lórí ojú ìwé. Gbogbo ohun tí ẹ bá lẹ̀ sínú Webflow ni ẹnikẹ́ni lè kà bí ó bá tẹ View Source, nítorí náà ẹni tó bá fi sk síbẹ̀ ti fi àkáǹtì ọ̀gá rẹ̀ sí ìta gbangba. Bákan náà, iye owó tó wà nínú kóòdù ojú ìwé wà lábẹ́ agbára ẹni tó ń ra ọjà, ó sì lè yí i padà nínú búráúsà rẹ̀ kó tó san án. Inú dáṣíbọ́ọ̀dù Paystack ni kí a ti wo iye tó wọlé gan-an kí aṣọ tó kúrò nílẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ lo script nínú Webflow yóò ṣàkíyèsí pé kò ní rí i nínú Designer, ìyẹn ojú ibi tí a ti ń to ìkànnì. Àkọlé kan ni yóò hàn pé yóò ṣiṣẹ́ nígbà tí ìkànnì bá ti jáde, èyí sì ti mú kí àwọn kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé léraléra, nítorí wọ́n rò pé kò wọlé. Ẹ gbé e jáde sórí àdírẹ́sì webflow.io ná, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, kí dómáìnì oníbàárà tó rí i. Ẹ fi sí ojú ìwé tó nílò rẹ̀ nìkan, nínú Page settings, kì í ṣe sí gbogbo ìkànnì. Kò sí ìdí tí script ìsanwó yóò fi máa wọlé níbi tí ènìyàn ti ń ka ìtàn aṣọ sányán. Bí ilé iṣẹ́ náà bá gbà, ẹ fi defer sí i, kí ọ̀rọ̀ àti àwòrán lè kọ́kọ́ hàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kì í rí nínú ìtọ́nisọ́nà àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí, nítorí pé wọn kò ro tiwa mọ́ ọn: àmì ohùn. Widget fọ́ọ̀mù àti ti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ máa ń gbé fọ́ǹtì tirẹ̀ wá, kì í lo èyí tí a yàn fún ìkànnì. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, ẹ ní àyè tirẹ̀, ọ náà ní, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní àyè kan ṣoṣo. Lẹ́tà ni, pẹ̀lú àmì ohùn tí fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ gbé ka orí rẹ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ iṣẹ́ náà yóò gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ó yá lẹ́tà kan láti inú fọ́ǹtì mìíràn, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá ní ìrísí méjì. Mo máa ń tẹ “Ẹ ṣé púpọ̀, a ti gba ọ̀rọ̀ yín, a ó pè yín lọ́la” sínú gbogbo widget tó ń fi ọ̀rọ̀ hàn, kí n tó gbà á. Mo sì máa ń fi ránṣẹ́ sí í-méèlì, nítorí pé àwọn mìíràn máa ń hàn dáadáa lójú ìwé, kí wọ́n tó di àmì ìbéèrè nínú lẹ́tà tí oníbàárà yóò gbà. Ìkànnì aláṣọ òfì tó ń kí àwọn ènìyàn ní Yorùbá kò gbọdọ̀ ṣe é ní Yorùbá tó fọ́. Widget fọ́ọ̀mù kan tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò fún Àlàájì kùnà níbí, mo sì lo fọ́ọ̀mù Webflow fúnra rẹ̀.

Ó yẹ kí n fẹnu kan òfin. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2019, ilé ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní Luxembourg dá ẹjọ́ Fashion ID, ilé ìtajà aṣọ kan ní Jámánì tó fi bọ́tìnnì Like ti Facebook sórí ìkànnì rẹ̀. Bọ́tìnnì náà ń fi ìsọfúnni nípa gbogbo ẹni tó ṣí ojú ìwé ránṣẹ́ sí Facebook, yálà wọ́n tẹ̀ ẹ́ tàbí wọn kò tẹ̀ ẹ́, yálà wọ́n ní àkáǹtì tàbí wọn kò ní. Ilé ẹjọ́ ní ilé ìtajà náà pín nínú ojúṣe gbígba ìsọfúnni náà àti fífi í ránṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ojúṣe lọ́rùn rẹ̀ fún ohun tí Facebook ṣe pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹjọ́ náà kò de Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ní Òfin Ààbò Ìsọfúnni tirẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn tó ń ra aṣọ láti London sì wà lábẹ́ òfin ibẹ̀. Mo kọ gbogbo widget tó kù sórí ojú ìwé ìpamọ́ àṣírí Àlàájì, pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n àti ohun tí wọ́n ń gbà.

Bí ẹ bá rí widget tí wọ́n ṣe fún sọ́fútíwíà kan ṣoṣo, ẹ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí rántí Adobe Muse, tí a fi ń ṣe ìkànnì láìkọ kóòdù. Odindi ọjà widget ló dìde yí i ká, tí àwọn ènìyàn ń fi owó rà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2018, Adobe kéde pé àwọn kò ní fi ohun tuntun kún un mọ́, ní ọjọ́ kan náà ní ọdún 2020 ni àtìlẹ́yìn rẹ̀ sì parí. Àwọn tó ti ra widget Muse kò rí ibi kó wọn lọ. Àwọn tó lẹ̀ iframe Google Maps lásán gbé e lọ sí ibi tí wọ́n tún fìdí kalẹ̀ sí, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo ń fa iṣẹ́ náà lé Àlàájì lọ́wọ́, í-méèlì tirẹ̀ ni mo fi ṣí àkáǹtì gbogbo, kì í ṣe tèmi, mo sì tẹ ìwé kan fún un tó ń sọ orúkọ widget kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé tó wà, àti bí a ṣe ń yọ ọ́. Ti yíyọ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé kóòdù lè wà ní ibi mẹ́ta nínú Webflow: nínú àpótí Embed tí a fojú rí, nínú Page settings, àti nínú Custom code gbogbo ìkànnì. Ẹni tó bá pa àpótí nìkan rẹ́ lè ṣì máa gbé script náà wá fún gbogbo ẹni tó ń kà á. Mo fi han ọmọ rẹ̀ bí yóò ṣe ṣí Network, ibi tí a ti ń rí gbogbo ohun tí ojú ìwé ń gbé wá, nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà, kí ó fi àmì sí àpótí 3rd-party requests, kí ó tún ojú ìwé ṣí, kí ó sì ka orúkọ dómáìnì tó bá jáde. Bí èyí tí a ti yọ bá ṣì wà nínú wọn, Page settings ni kí ó kọ́kọ́ lọ wò.